Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé ní Ìbàdàn Titun: Ohun Abẹ̀mí Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn

Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni ìtàn ọgbà ẹ̀fọ́ tí àwọn ènìyàn ń dá sí ẹ̀yìnkùlé ní apá Ìbàdàn tí ó jẹ́ titun, pàápàá ní Bódìjà àti Àgbowó, láti nǹkan bí ọdún 1958 títí di àkókò yìí. Iṣẹ́ pọ̀ lórí oko àwọn ará Ìbàdàn: lórí kòkó, lórí oko etílé àti oko ẹgàn, lórí ọjà àti ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ ìlú. Ọgbà ẹ̀fọ́ ni kò rí ẹni bojú wò ó. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí ó gbin ewúro mẹ́ta àti ebè tẹ̀tẹ̀ méjì sí ẹ̀yìn ilé ìdáná kì í kọ iye tí ó já sílẹ̀. Kò san owó orí lé e lórí, kò tà á fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wá kà á. Nígbà tí onímọ̀ ìtàn bá ṣí fáìlì, kò ní bá a níbẹ̀.

Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìyókù oko, pé ọmọ àgbẹ̀ tí ó di akọ̀wé kò lè gbàgbé ọkọ́. Èrò yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ọgbà ẹ̀fọ́ Bódìjà kì í ṣe oko tí ó súnkì. Ohun titun ni, tí ilẹ̀ tí a fi okùn wọ̀n àti owó oṣù tí kò tó jọ bí. Bí ìwé kò bá sì sí tí a lè fi ìdí èyí múlẹ̀, ẹ̀rí mìíràn wà nínú ọgbà fúnra rẹ̀, èyíinì ni àwọn ohun abẹ̀mí tí ń gbé ibẹ̀, àwọn tí ènìyàn gbìn àti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè. Èpò, kòkòrò, ẹyẹ àti aláǹgbá náà ní ọjọ́ tí wọ́n dé, ọjọ́ àwọn mìíràn nínú wọn sì ṣe é tọ́ka sí ju ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ onílé kó wọlé lọ.

Ẹ̀yìnkùlé kí Bódìjà tó dé

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun. Ìlú tí ó ti ibùdó ogun dìde kì í fi ààyè ṣòfò; agboolé fẹ̀gbẹ́ kan agboolé, òrùlé sì wọnú òrùlé. Ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé irú agboolé bẹ́ẹ̀ ni ibi ìwẹ̀, ààtàn, àti adìyẹ tí ń tan ilẹ̀. Lóòótọ́, ewé jíjẹ wà níbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ń hù fúnra rẹ̀ lórí ààtàn, gbúre ń rìn káàkiri ní ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà, ewúro àti ẹfinrin sì ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri fún ọbẹ̀ àti fún inú rírun. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tí ó ń kún ìkòkò kì í ti ibẹ̀ wá. Oko etílé àti àkùrọ̀ etí odò ni àwọn obìnrin ti ń rù ú wọ ọjà.

Òwe tí ó sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé, fi ojú tí àwọn baba fi ń wo ibẹ̀ hàn. Òwe kì í ṣe ìwé ìtàn, kò sì yẹ kí a fi ìwọ̀n ìwé ìtàn wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí òwe tí ó ka ẹ̀yìnkùlé sí ibi iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ibi ìkọ̀kọ̀ àti ibi ìdàlẹ̀nù ni. Oko wà ní oko.

Ìjọba amúnisìn mú àṣà mìíràn wá. Ní 1899 ni wọ́n dá oko ìwádìí Moor Plantation sílẹ̀. Ní Àgọ́dì, Jẹ́ríkò àti Ìyágankú, àwọn òyìnbó kọ́ ilé sí àárín ilẹ̀ gbalasa, koríko tí a gé mọ́lẹ̀ níwájú, òdòdó ní ẹ̀gbẹ́. Ní ti àwọn ọmọ ìlú, wolé-wolé ni wọ́n rí. Igbó àyíká ilé àti omi adágún ni iṣẹ́ wolé-wolé dá lé, nítorí ẹ̀fọn. Ojú tí ó ń wá igbó kiri kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín igbó àti ilá tí ó ga.

Ilẹ̀ tí òfin ní kí a má kọ́lé sí

Ní 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé tí ó ti jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun, kí ó tó kó lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ níbi tí ó wà títí di òní. Ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, Kenneth Mellanby, jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò. Ní 1957 ni a ṣí ilé ìwòsàn UCH. Láàárín ọdún mẹ́wàá yìí, irú ènìyàn kan pọ̀ ní Ìbàdàn tí kò tíì pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àgbà, dókítà, tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Ígbò wá, tí wọn kò ní agboolé ní Ìbàdàn, tí wọn kò sì ní oko níbẹ̀. Àwọn ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní lọ́kàn nígbà tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ilé kíkọ́ sílẹ̀ ní 1958. Iṣẹ́ àjọ náà ni Bódìjà.

Ohun tí ó ṣe kókó nípa Bódìjà ni pé òfin kò gba onílé láyè láti fi ilé kún ilẹ̀ rẹ̀ tán. Ó ní ìwọ̀n tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí títì, àti èyí tí ó gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ààlà aládùúgbò. Èrò àwọn tí ó ṣe òfin náà ni afẹ́fẹ́ àti ìmọ́tótó. Kò jọ pé ẹ̀fọ́ wà lọ́kàn wọn. Síbẹ̀ ilẹ̀ tí òfin ní kí a má kọ́lé sí yìí ni ó bí ọgbà ẹ̀fọ́. Níwájú, onílé gbin òdòdó kí àlejò lè rí i. Lẹ́yìn, ní ìkọjá bọ́ìsì-kọ́tà, ilẹ̀ kan ṣẹ́ kù tí kò ní iṣẹ́.

Ta ni ó kọ́kọ́ ti ọkọ́ bọ̀ ọ́? Kì í sábà jẹ́ baálé, ẹni tí àlàyé ọmọ-àgbẹ̀-di-akọ̀wé gbé gẹ̀gẹ̀. Ìyàwó ilé ni, tàbí ìyá tí ó ti ìlú wá tọ́jú ọmọ titun. Ipa irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò kéré. Ó dé pẹ̀lú hóró èso tí ó dì sí etí aṣọ, ó bá ilẹ̀ òfo àti omi ẹ̀rọ, ó sì bá ilé kan tí wọ́n ti ń fi owó ra ohun gbogbo, títí kan ewédú. Báyìí ni irúgbìn ìlú púpọ̀ ṣe pàdé lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Wòròwó, tí àwọn ará Èkìtì àti Oǹdó mọ̀ ní abẹ́ kòkó, bá ṣọkọ yòkòtò pàdé. Ùgwú, ẹ̀fọ́ àwọn Ígbò, gun ọgbà tí ó pààlà ilé méjì, ewé rẹ̀ sì di ti ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀fọ́ ìyánà ìpájà, tí orísun rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Mẹ́síkò, di ohun tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ ní etí ọgbà. Kò sí oko kan ní ìgbèríko tí ó ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí kìn-ín-ní nìyí pé ọgbà náà kì í ṣe ọmọ oko.

Àgbowó yàtọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀ tí ìjọba fi okùn wọ̀n. Àwọn onílé kọ́ ọ fún owó ilé, fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, wọ́n sì kọ́ ọ dé etí ààlà. Ọgbà Àgbowó wà nínú abọ́ jíjò, nínú garawa ọ̀dà àti táyà àtijọ́. Ó tún wà lórí ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò tíì rí owó kọ́ ilé sí. Níbẹ̀ ni àgbàdo ti máa ń yọrí láàárín ìpìlẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ bùlọ́ọ̀kù bá dé. Ní ti Dùgbẹ̀, níbi tí Cocoa House ti parí ní 1965, kò sí ilẹ̀ tí ó tó ebè kan. Àpilẹ̀kọ yìí kò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.

Àwọn àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè

Ẹni tí ó bá dá ilẹ̀ gbígbẹ̀rẹ̀fẹ́ sí àárín ògiri àti omi ti pe àlejò. Aláǹgbá ni àkọ́kọ́. Òwe mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wá ògiri tí ó lanu. Vernon Harris, tí ó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní Ìbàdàn tí ó sì gbé ìwé The Life of the Rainbow Lizard jáde ní 1964, fi hàn pé ilé àwọn ènìyàn ti di ibùgbé rẹ̀ gan-an. Akọ olórí pupa kan a máa jọba lórí ògiri kan, a máa fi orí mì lé akọ mìíràn jáde, àwọ̀ rẹ̀ a sì ṣá ní alẹ́ nígbà tí ó bá lọ sùn. Èèrà ni oúnjẹ rẹ̀ tí ó pọ̀ jù. Bí ilé titun ṣe ń pọ̀ ní Bódìjà ni ààyè ìjọba aláǹgbá ń pọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri nìkan kò tó o: inú ilẹ̀ rírọ̀ tí ó tutù ni abo ń yé ẹyin sí, ebè ẹ̀fọ́ sì rọ̀ ju ibikíbi lọ. Ní 1966 ni Madeleine Charnier ṣàkíyèsí ní Dakar pé ooru tí ó bá ẹyin aláǹgbá nínú ilẹ̀ ní ọwọ́ nínú bí ọmọ yóò ṣe jẹ́ akọ tàbí abo. Ohun tí a kò tíì mọ̀ nípa ẹ̀dá afàyàfà kankan tẹ́lẹ̀ ni, ara aláǹgbá ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ọmọdé ń sọ ní òkò ni a sì ti rí i.

Ti ẹyẹ náà ní àkọsílẹ̀. J. H. Elgood, tí ó kọ́ni ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì, gbé Birds of the West African Town and Garden jáde ní 1960. Ó yẹ kí akọ̀tàn ṣàkíyèsí àkọlé náà. Ìlú àti ọgbà ni onímọ̀ náà fi ṣe ilẹ̀ ìwádìí, kì í ṣe igbó kìjikìji, ní ọdún gan-an tí Nàìjíríà gba òmìnira tí Bódìjà sì ń dìde. Ẹ̀gà ń ya imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé àgbàdo láti fi hun ilé, ariwo rẹ̀ a sì gba àdúgbò kan. Lékèélékèé, tí a mọ̀ sí ẹ̀yìn màlúù, kọ́ láti máa tẹ̀lé ẹ̀rọ tí ń gé koríko. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jí tòmátì, òkété ń hú ẹ̀gẹ́ lóru. Ìgbín nìkan ni àlejò tí onílé kì í kùn sí: ó ń jẹ ẹ̀fọ́, onílé ń jẹ òun náà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wúlò jù fún onímọ̀ ìtàn ni èpò tí àwọn Yorùbá ń pè ní Akíntọ́lá, ní ibòmíràn «Akíntọ́lá takú», ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀ ewé Awólọ́wọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Chromolaena odorata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Láàárín ìparí àwọn ọdún 1930 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940 ni ó wọ apá ìlà oòrùn Nàìjíríà, àlàyé tí ó sì gbilẹ̀ ni pé ó dà pọ̀ mọ́ irúgbìn igi Gmelina tí a kó wá láti Ceylon. Nígbà tí ó fi gba ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ní 1962 ni wọ́n ní kí Olóyè S. L. Akíntọ́lá fi ipò olórí ìjọba sílẹ̀, tí ó takú. Èpò tí a gé tí ó tún hù, tí a sun tí ó tún rúwé, rí orúkọ. Orúkọ ti ẹgbẹ́ kejì sì wà fún ẹni tí kò fẹ́ ti àkọ́kọ́. Kò sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ó lè sọ ọjọ́ tí èpò kan di mímọ̀ fún àwọn ènìyàn ju orúkọ yìí lọ. Ẹni tí ó tu ú ní ẹ̀yìnkùlé ń tu ìtàn ìṣèlú, ọmọ rẹ̀ tí ó fi ọ̀bẹ gé ọwọ́ sì ń fún omi ewé kan náà sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Èpò náà kò dá wá. Tata aláwọ̀ mèremère tí ń rùn, Zonocerus variegatus, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó Akíntọ́lá ń fà á bí oyin. Ìwádìí fi hàn pé ó ń gba oró kan láti ara òdòdó náà, èyí tí ń dáàbò bò ó. Ọ̀ràn tata yìí di ńlá fún àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1970. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé tútù kò sí níbòmíràn, ọgbà tí a ń fi omi ẹ̀rọ rin ni ó ń gbá jọ sí. Ohun tí omi ẹ̀rọ ṣe fún onílé ni ó ṣe fún tata.

Ti kòkòrò ẹ̀gẹ́ tún lágbára jù báyìí lọ. Kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun kan ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ àgbègbè Kóńgò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó ń ká orí ẹ̀gẹ́ kò, ó sì ń tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà. Ní IITA, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní 1967, Hans Herren, ọmọ Switzerland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sí ilé rẹ̀. Ọ̀tá náà jẹ́ agbón kékeré kan láti Paraguay, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní 1981. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti gba apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, Herren sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Agbón kò mọ ààlà oko àti ọgbà. Ìdí ẹ̀gẹ́ mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn ilé akọ̀wé ní Àgbowó rí ìwòsàn gba láìjẹ́ pé akọ̀wé mọ̀ pé àìsàn wà. Nínú gbogbo ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe fún ẹ̀yìnkùlé Ìbàdàn, bóyá èyí ni ó tóbi jù. Kò sì sí onílé kan tí ó lè jẹ́rìí sí i.

Ìgbà tí ìjọba rí ẹ̀yìnkùlé

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, 1976, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Feed the Nation. Owó epo ti kún ìlú, oúnjẹ sì ti wọ́n. Ìjọba pín ajílẹ̀ ní ẹ̀dínwó, ó gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ oko ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ó sì rọ gbogbo onílé láti gbin nǹkan sí àyíká rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú, 1975, ni ilé ìwádìí NIHORT ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí èso àti ẹ̀fọ́, pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀ àti ilá tí àwọn onímọ̀ kì í kà sí tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ti kọ ọ́ bí ẹni pé 1976 ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Bódìjà ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìyá ọmọ ti ń já ewédú níbẹ̀. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé ó fún un ní orúkọ, ó sì sọ ọ́ di ohun tí baálé lè fọ́nnu lé.

Ó tún mú oró wọlé. Eérú ni àwọn ìyá fi ń wọ́n ewé tí kòkòrò bá bà lé. Gammalin 20, tí ó wà fún kòkó, ti wà ní ìlú láti ọjọ́ pípẹ́. Bí iṣẹ́ ọ̀gbìn ṣe di ọ̀ràn ìjọba ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ túbọ̀ di ohun tí a lè rò fún ẹ̀fọ́. Kòkó ń pẹ́ lórí igi, ó sì ní èèpo. Tẹ̀tẹ̀ tí a wọ́n ní Ọjọ́rú lè wà nínú ìkòkò ní Ọjọ́bọ̀. Lindane tí ó wà nínú Gammalin wọ ìwé àwọn oró tí ayé fẹ́ pa rẹ́, lábẹ́ Àdéhùn Stockholm, ní 2009. Ọ̀pọ̀lọ́, tí ń jẹ kòkòrò lọ́fẹ̀ẹ́, kò lè rí àdéhùn kankan tọwọ́ bọ̀.

Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Bùhárí mú ìmọ́tótó àyíká wọnú Ogun Ìgbógunti Ìwà Àìtọ́. Wolé-wolé padà sí ẹnu ọ̀nà. Láàárín ọdún mẹ́jọ péré, ẹni tí ìjọba ní kí ó gbìn ni ìjọba tún ní kí ó ṣán. Lẹ́yìn náà ni 1986 dé pẹ̀lú ètò SAP, náírà já wálẹ̀, owó oṣù olùkọ́ Yunifásítì kò sì tó ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀. Èyí ni ìgbà tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé ṣiṣẹ́ jù, láìsí ètò ìjọba kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo gba ipò òdòdó níwájú ilé. Ọgbà tí ó ti ń fi ara pamọ́ sẹ́yìn bọ́ sí ojú títì, ìtìjú rẹ̀ sì tán.

Kọnkéré

Láti àwọn ọdún 1990 ni ilẹ̀ tí òfin fi sílẹ̀ ti ń rí ẹni lò ó fún ohun mìíràn. Ọmọ onílé kọ́ fúláàtì sí ẹ̀yìn, ẹlòmíràn kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú. Wọ́n gbẹ́ kànga dẹ́ẹ̀pù nígbà tí omi ẹ̀rọ kò wá mọ́, wọ́n sì fi òkúta tí a tẹ̀ dí ìyókù ilẹ̀ nítorí ẹrẹ̀ àti nítorí ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè dá onílé lẹ́bi. Owó ilé ọdún kan ju ẹ̀fọ́ ogún ọdún lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a dí kò gba ẹyin aláǹgbá. Ọ̀pẹ tí a gé lé ẹ̀gà lọ. Igún, tí ó ti máa ń bà lé ààtàn àti ibi ìpẹran ní gbangba, ti di ohun tí ọmọdé Ìbàdàn mọ̀ nínú àlọ́ nìkan. Ní 2015 ni àjọ IUCN fi igún kékeré orí pupa yìí sí ipò ẹyẹ tí ó sún mọ́ ìparun jù, oró àti títà fún oògùn sì wà lára ohun tí ó pa á run.

Ní ti àwọn obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ Bódìjà, èyí tí ó kéré jù nínú wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àkọsílẹ̀ wọn kò sí ní ilé ìkówèésí kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kò ní rí ohun púpọ̀ bí ó bá béèrè iye ìdì ẹ̀fọ́ tí wọ́n já lọ́dún. Kí ó béèrè ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti gba irúgbìn àkọ́kọ́, ọdún tí tata bo ilá, àti orúkọ tí wọ́n ń pe èpò tí ó wà ní ìdí ògiri náà.